Ìyá Tó Wọ Ọkọ̀ Òkun Tẹ̀lé Ọmọ Rẹ̀: Ìtàn Monique, Ìyá Augustin

 

Ìtàn ìyá kan ni a fẹ́ kà lónìí. Ìyá yìí kì í ṣe ará Kétu, kì í ṣe ará Ṣábẹ̀, kì í ṣe ará Àjàṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Áfíríkà ni, bíi tiwa. Ó ti lé ní 1600 ọdún tí ó ti kú. Síbẹ̀ a mọ orúkọ rẹ̀. A mọ ohun tó pa á lẹ́kún, a sì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Báwo ni a ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ máa kà á lọ, ẹ óò rí ìdáhùn kí ìtàn tó parí.

Orúkọ rẹ̀ ni Monique. Àwọn mìíràn ń pè é ní Monica. Òun ni ìyá Augustin, ẹni tí àwọn onígbàgbọ́ káàkiri ayé mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá ìjọ.

ILÉ TÍ A TI TỌ́ Ọ

Bí ẹ bá ní àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà nínú kíláàsì yín, ẹ wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ wa. Ẹ máa gòkè lọ sí apá àríwá. Ẹ kọjá ilẹ̀ Niger, ẹ kọjá aṣálẹ̀ Sahara, títí ẹ óò fi dé etí òkun ní òkè lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Algérie wà. Ní ayé àtijọ́, àwọn ará Róòmù ni ó ń jọba lórí ibẹ̀. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Thagaste. Souk Ahras ni orúkọ ìlú náà lónìí. Níbẹ̀ ni Monique gbé dàgbà. Nǹkan bí ọdún 331 tàbí 332 ni a bí i. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó wà lára ẹ̀yà tí àwọn Faransé ń pè ní Berbères, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an.

Onígbàgbọ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ìránṣẹ́ nínú ilé ni ó ń tọ́jú àwọn ọmọbìnrin ilé náà. Ìyá àgbà yìí ló pọ̀n bàbá Monique nígbà tí bàbá náà wà ní ìkókó. Nítorí náà gbogbo ilé ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó le púpọ̀. Kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mu omi pàápàá láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Ó ní bí wọ́n bá di ìyàwó ilé, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ọtí bọ́ sí wọn lọ́wọ́, omi kò ní tó wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n a máa rán Monique láti lọ bu ọtí àjàrà nínú àgbá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè kàn án. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọjọ́ kìíní, ìkán kan. Lẹ́yìn náà, ìkán méjì. Nígbà tó yá, ife kékeré ló ń gbé mì. Ní ọjọ́ kan, òun àti ẹrúbìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ìdí àgbá náà jà. Ẹrúbìnrin náà bú u ní ọ̀mùtí. Ọ̀rọ̀ náà wọ Monique lára. Ó wo ara rẹ̀, ojú tì í, ó sì fi ọtí náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ kíyè sí i. Obìnrin tí a ń yìn lónìí ní àbùkù tirẹ̀ nígbà èwe. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni Ọlọ́run fi wò ó sàn.

NÍ ILÉ ỌKỌ

Nígbà tó tó ọkọ ní, wọ́n fi í fún ọkùnrin kan tí a ń pè ní Patrice. Ọkùnrin yìí ní ilẹ̀ díẹ̀, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n kò lówó púpọ̀. Kì í ṣe onígbàgbọ́. Ó lawọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń yára ru, ó sì ń tẹ̀lé obìnrin mìíràn kiri.

Monique kì í bá a fa ọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí i. Yóò dákẹ́. Nígbà tí ara bá ti rọ ọkọ, yóò wá sọ tẹnu rẹ̀ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ojú wíwú nítorí pé ọkọ wọn lù wọ́n. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé Patrice onínúfùfù kò na aya rẹ̀ rí. A kò sọ èyí láti fi dá ọkọ tó ń na aya láre o. Ẹ̀bi wà lórí ẹni tó gbé ọwọ́ sókè. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ọgbọ́n tí ìyá yìí ní.

Ìyá ọkọ rẹ̀ náà kò fẹ́ràn rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri láàárín wọn. Monique kò fi ìbínú dá a lóhùn. Ó ń tọ́jú rẹ̀, ó ń fara dà á, títí ìyá ọkọ fi mọ̀ fúnra rẹ̀ pé irọ́ ni àwọn ìránṣẹ́ ń pa. Láti ọjọ́ náà ni ìrẹ́pọ̀ ti wà láàárín àwọn méjèèjì. Bí ènìyàn méjì bá sì ń jà, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú síra wọn lẹ́yìn, ohun tó lè parí ìjà nìkan ni Monique ń gbé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì.

Ní ìgbẹ̀yìn, Patrice náà di onígbàgbọ́ kí ó tó kú.

ỌMỌ TÓ GBỌ́N, TÍ KÒ GBỌ́RÀN

Wọ́n bí ọmọ ju ẹyọ kan lọ. A mọ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Navigius. Ọmọbìnrin kan sì wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ìtàn wa dá lé ni Augustin. Ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 354 ni a bí i.

Láti kékeré ni Monique ti ń sọ̀rọ̀ Jésù sí i létí. Nígbà tí ọmọ náà wà ní kékeré, inú rírun mú un gidigidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ìyá rẹ̀ ń sáré kí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Àìsàn náà sàn lójijì, wọ́n sì tún sún ìrìbọmi náà síwájú. Ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà.

Augustin kò fẹ́ràn ìwé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Eré ló fẹ́. Olùkọ́ ń nà án lẹ́gba. Ó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n na òun ní ilé ìwé. Ẹ̀yin tí ìwé ń ṣòro fún lónìí, ẹ má ṣe sọ ìrètí nù. Ẹni tí wọ́n ń nà nítorí ìwé yìí ló di ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé tó ga jùlọ ní ayé.

Orí rẹ̀ pé. Wọ́n rán an lọ sí ìlú Madaure láti kàwé sí i. Nígbà tó di ọmọ ọdún 16, owó tán nílé. Ó padà wálé, ó jókòó lásán fún ọdún kan. Àìríṣẹ́ṣe mú kí ó bá àwọn ọmọ ìta rìn. Ní òru kan, wọ́n lọ jí èso igi ẹlòmíràn ká. Ebi kò pa wọ́n. Wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù dà sí iwájú ẹlẹ́dẹ̀. Títí ó fi dàgbà ni ìrántí olè yẹn ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Carthage, ìlú ńlá etí òkun tó wà ní ilẹ̀ Tunisie òní. Bàbá rẹ̀ kú láìpẹ́. Augustin jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún 17 nígbà náà. Ta ni yóò wá sanwó ìwé? Monique ni. Opó ni, ṣùgbọ́n kò yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ọlọ́rọ̀ kan ní ìlú wọn, Romanianus, náà ràn wọ́n lọ́wọ́.

ỌMỌ YÀ KÚRÒ LỌ́NÀ

Ní ìlú ńlá, Augustin ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin kan gbé láìṣe ìgbéyàwó. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Adeodatus. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé Ọlọ́run ló fún wa, bí àwa náà ṣe ń sọ ọmọ ní Olúwafúnmi.

Èyí tó dun Monique jù ni pé Augustin darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani. Mani jẹ́ olùkọ́ kan láti ilẹ̀ Páṣíà. Ó ń kọ́ni pé agbára méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ayé, ti ìmọ́lẹ̀ àti ti òkùnkùn. Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án ni Augustin fi wà pẹ̀lú wọn. Ó sì ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀.

Nígbà tó padà sí Thagaste láti ṣe olùkọ́, Monique kọ̀ láti jẹ́ kí ó jókòó ti òun nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó lá àlá kan. Ó rí ara rẹ̀ tó dúró lórí ọ̀pá ìwọ̀n tí a fi igi ṣe, ó ń sunkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ń dán wá bá a. Ó béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Monique ní ìparun ọmọ òun ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí ó fọkàn balẹ̀, kí ó wo ibi tí ó wà, ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Monique wẹ̀yìn, ó rí Augustin tó dúró ti òun lórí ọ̀pá kan náà.

Ó rọ́ àlá náà fún ọmọ rẹ̀. Augustin fẹ́ yí i padà. Ó ní bóyá ìyá òun ni yóò wá síbi tí òun wà. Kíá ni Monique dá a lóhùn pé rárá o, wọn kò sọ fún òun pé ibi tí ọmọ wà ni ìyá yóò lọ, ibi tí ìyá wà ni ọmọ yóò bọ̀. Ó sì tún gbà á sí ilé. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ó lọ bá bíṣọ́ọ̀bù kan pé kí ó jọ̀wọ́ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù náà kọ̀. Ó ní ọmọ náà kò tíì ṣe tán láti gbọ́, pé kí ìyá máa gbàdúrà fún un. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Mani kan náà ni a ti tọ́ òun dàgbà, ìwé wọn tí òun kà ni òun fi mọ̀ pé irọ́ ni. Monique kò lọ. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń sunkún. Ó sú bíṣọ́ọ̀bù náà, ó ní kí ó máa lọ, pé omijé bí irú èyí kò lè já sí òfo. Monique gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni pé láti ọ̀run ló ti wá.

ÒRU TÍ ỌKỌ̀ LỌ

Ní ọdún 383, Augustin fẹ́ lọ sí Róòmù. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé etí òkun ní Carthage. Ó dì í mú. Ó ní kí ó bá òun padà sílé, tàbí kí ó mú òun lọ.

Augustin purọ́ fún un. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fẹ́ wọ ọkọ̀, pé òun kàn fẹ́ dúró tì í títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́. Ó rọ ìyá rẹ̀ pé kí ó lọ sun ilé àdúrà kan tó wà nítòsí, èyí tí a kọ́ fún ìrántí Cyprien Mímọ́. Gbogbo òru ni Monique fi gbàdúrà kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ òun lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín ti jí lọ sí Kútọnu, sí Lomé tàbí sí Èkó láìdágbére, ẹ mọ bí ọkàn Monique ti rí ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ké ní etí òkun. Lẹ́yìn náà ó nu ojú rẹ̀ nù, ó padà sílé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run kọ ẹ̀bẹ̀ òru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ibi tí kò fẹ́ kí ọmọ lọ gan-an ni ọmọ yóò ti rí ìgbàlà.

ÌYÁ WỌ ỌKỌ̀ ÒKUN

Augustin dé Róòmù. Ní ọdún 384, wọ́n fún un níṣẹ́ olùkọ́ ní Milan, ìlú tí ọba ń gbé ní ilẹ̀ Ítálì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Monique wá bá a. Obìnrin opó, tó ti lé ní ọmọ 50 ọdún, ni ó wọ ọkọ̀ òkun. Ìjì jà lójú omi. Àwọn atukọ̀ ló yẹ kí ó máa fi èrò inú ọkọ̀ lọ́kàn balẹ̀, ṣùgbọ́n Monique ni ó ń fi àwọn atukọ̀ lọ́kàn balẹ̀ pé wọn óò gúnlẹ̀ láyọ̀.

Ní Milan, bíṣọ́ọ̀bù kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ambroise. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ gan-an. Augustin ń lọ gbọ́ ọ nítorí ẹwà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ inú rẹ̀.

Monique náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n a máa gbé àkàrà òyìnbó, àsáró àti ọtí lọ sí ibojì àwọn tó kú nítorí ìgbàgbọ́. Nígbà tó gbé e lọ ní Milan, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní Ambroise ti fòfin dè é. Monique kò jiyàn. Ó fi àṣà náà sílẹ̀, ó sì ń fún àwọn tálákà ní ohun tó bá ní. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò le.

Ní ọdún 386, ìyá ọba, Justine, fẹ́ gba ilé ìjọsìn kan lọ́wọ́ Ambroise fún ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn onígbàgbọ́ kò gbà. Wọ́n wọ inú ilé ìjọsìn lọ, wọ́n ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ṣe tán láti kú níbẹ̀. Monique wà láàárín wọn, ní iwájú nínú ìṣọ́ àti nínú àdúrà.

IBI TÍ A KÒ LÈ YÌN ÍN

Ìtàn tòótọ́ kì í fi nǹkan pamọ́. Monique fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gbé ìyàwó láti ilé tó lókìkí. Wọ́n bá a wá ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọkọ ní. Nítorí èyí, wọ́n lé ìyá Adeodatus padà sí Áfíríkà. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 15 tí òun àti Augustin ti jọ wà. Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní mọ ọkùnrin mìíràn mọ́. Augustin sọ pé ọkàn òun ya, ó sì ṣẹ̀jẹ̀. Ìgbéyàwó tuntun náà kò sì wáyé.

Ìyá náà ni obìnrin yìí. Òun náà sunkún ọmọ. A kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀. Ìyá tó ń jà fún ọmọ tirẹ̀ lè gbàgbé pé ẹlòmíràn náà jẹ́ ọmọ ènìyàn.

OMIJÉ DI AYỌ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 386, Augustin wà nínú ọgbà ilé tó ń gbé, ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó wà lábẹ́ igi, ó ń sunkún. Ó gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti ilé kejì tó ń kọrin, tó ń sọ pé kí ènìyàn gbé e, kí ó kà á. Ó dìde, ó ṣí ìwé lẹ́tà Pọ́ọ̀lù, ó ka ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Ìjà inú rẹ̀ parí. Òun àti Alypius ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé lọ sọ fún Monique. Ẹ fojú inú wo ayọ̀ ìyá náà!

Ní òru Àjíǹde, láàárín ọjọ́ 24 sí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 387, Ambroise ṣe ìrìbọmi fún Augustin, fún Adeodatus àti fún Alypius. Augustin ti di ọmọ ọdún 32. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni ìyá rẹ̀ fi dúró. Ẹní bá ní sùúrù á fún wàrà kìnnìún.

Wọ́n wá ń padà sí Áfíríkà. Wọ́n dé Ostia, èbúté Róòmù. Ní ọjọ́ kan, ìyá àti ọmọ dúró lójú fèrèsé tó kọjú sí ọgbà, àwọn méjì péré. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìyè tí kò lópin. Monique ní ohun kan ṣoṣo tó mú òun fẹ́ láti pẹ́ láyé ni kí òun rí ọmọ òun nínú ìgbàgbọ́. Ó ti rí i. Kí ni òun tún ń ṣe láyé?

Láìpẹ́ ni ibà dá a wó. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fẹ́ kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Thagaste. Ṣùgbọ́n nígbà tí Navigius sọ̀rọ̀ nípa kíkú sí ilẹ̀ baba ẹni, Monique ní kí wọ́n sin òun síbikíbi, kí wọ́n ṣá rántí òun níwájú pẹpẹ Olúwa. Ọjọ́ kẹsàn-án àìsàn náà ni ó kú. Ọmọ ọdún 56 ni. Adeodatus bú sẹ́kún, wọ́n ní kí ó dákẹ́. Augustin mú ọkàn le títí wọ́n fi sin ín tán. Lẹ́yìn náà ni òun náà sunkún ìyá tó ti sunkún rẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

OHUN TÓ JẸ́ KÍ A MỌ̀ Ọ́N

Augustin padà sí Áfíríkà ní ọdún 388. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippone, tó ń jẹ́ Annaba lónìí. Níbẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 430. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan nípa ìgbé ayé ara rẹ̀, tí a ń pè ní Ìjẹ́wọ́. Nínú ìwé yẹn ni ó kọ ìtàn ìyá rẹ̀ sí.

Ìdáhùn tí a ṣèlérí nìyẹn. Ọmọ kan mọ ìwé kọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1945, wọ́n tún rí àpá kan lára òkúta ibojì Monique nínú ilẹ̀ ní Ostia, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ìjọ Àgùdà ń rántí Monique ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ti ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, Monique kò fi agbára mú ọmọ rẹ̀. Nígbà tó fi agbára dì í mú ní etí òkun, ọwọ́ rẹ̀ já. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó sanwó ìwé, ó sọ òtítọ́, ó gbàdúrà, ó sì tẹ̀ lé ọmọ lọ síbi tó lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti mọ ìwé kọ wàyí, ìyá yín ńkọ́? Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìlú tí wọ́n ti bí i, àti ohun kan tó ṣe fún yín tí ẹ kò fẹ́ kó parẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ló mú kí Monique fi ọtí sílẹ̀?
2. Irọ́ wo ni Augustin pa fún ìyá rẹ̀ ní Carthage?
3. Ǹjẹ́ ó tọ́ bí wọ́n ṣe lé ìyá Adeodatus padà? Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí.
4. Bí ọmọ yín bá lọ sí ìlú ńlá tí kò ránṣẹ́ sílé, kí ni ẹ óò ṣe?

Ẹ ka ìtàn yìí sókè fún àwọn ará ilé tí kò tíì mọ ìwé. Ó dìgbà kan ná o.